Ó Dùn, Àmọ́ Ṣé Ó Yé Wa? Lórí Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Robert Sapolsky

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé yàrá ní 300 level ló kọ́kọ́ fi Robert Sapolsky hàn mí. Aago kan òru ti kọjá, ìgbà tí dátà máa ń rọjú. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí ló mọ ohun tí mò ń sọ. A pín earpiece kan ṣoṣo, etí kan fún un, etí kan fún mi. A gbé fóònù ti kẹ́ẹ̀gì omi, a wá ń wo òyìnbó kan tí irùngbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀ tán, tó dúró síwájú pátákó ìkọ̀wé ní yunifásítì Stanford lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò ka ìwé sí ẹnikẹ́ni létí. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni, bí ẹni tó ń ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí lọ́jà. Nígbà tó fi máa parí, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ ti lọ, bátìrì fóònù sì ti fẹ́ kú. Ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní: "Ìwọ náà wò ó. Ká ní irú èèyàn báyìí ló ń kọ́ wa ni, ta ni ò ní gba A?"

Mo ní òótọ́ ni. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ọdún díẹ̀ ti kọjá báyìí. Mo ti wo gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tán, mo sì ti padà wo òmíràn nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì fẹ́ràn wọn gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ lóru ọjọ́ yẹn, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ìdí tí mi ò fi gbà á gbọ́ mọ́ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ọdún 2010 ni Stanford ká wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbé wọn sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà ni Human Behavioral Biology. Bá a bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, ẹ̀kọ́ nípa ohun tó wà nínú ara tó ń mú kí ọmọ èèyàn máa hùwà bó ṣe ń hùwà ni. Sapolsky ò béèrè pé kéèyàn ti ka báyọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ ò rí i pé ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí akẹ́kọ̀ọ́ Lítíréṣọ̀ náà fẹ́ jókòó.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ló dára jù nínú gbogbo wọn, lójú tèmi o. Ìtàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti tó ọmọ ogójì ọdún, tó ní ìyàwó àtọmọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan ṣàdédé, ó gbá ẹnì kan lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ìyàwó rẹ̀ ká a mọ́ ibi tó ti ń yan àlè. Nígbà tó tún yá, ó kó owó ibi iṣẹ́ jẹ, ó sì sá lọ. Kí ló ṣe é? Ṣé èèyàn burúkú ni látilẹ̀ ni? Ṣé àgbà tó fẹ́ padà di ọmọdé ni? Àbí jíìnì kan ṣoṣo ló yí padà nínú ara rẹ̀ tó ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́? Bá a bá gbọ́ irú ìtàn yìí ládùúgbò wa, kíá la máa ti dájọ́: ayé ni, àbí ẹsẹ̀ ilé, àbí ọ̀rẹ́kọ́rẹ̀ẹ́. Sapolsky ò dájọ́. Ó wá kọjá sí ohun tó fẹ́ kọ́ wa gan-an.

Ohun tó fẹ́ kọ́ wa ni pé ewu wà nínú kéèyàn máa pín ayé sínú korobá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè é, korobá. Ọpọlọ wa fẹ́ràn kó da nǹkan sínú korobá kó lè rọrùn láti rántí. Ó fi àwọ̀ ṣàpẹẹrẹ. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ààlà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí láti àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Èdè ló ń fa ìlà. Ibi tí èdè ẹ bá fa ìlà sí ni wàá ti máa rí ìyàtọ̀ kíákíá.

Ibẹ̀ ni mo ti dá fídíò náà dúró lọ́jọ́ yẹn, tí mo rẹ́rìn-ín. Ẹ wo Yorùbá. Epo pupa, èèyàn pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ojú tó pọ́n: ṣé àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn? Ewé tó bá sì ń ṣe dáadáa, a máa ń ní ó dúdú minimini. Òyìnbó máa ní ewé ò dúdú rárá. Bẹ́ẹ̀, àwa náà mọ̀ pé àwọ̀ ewé kọ́ ni àwọ̀ èédú. A kàn fa ìlà tiwa síbòmíràn ni. Sapolsky ò mẹ́nu ba Yorùbá o, èmi ni mò ń ṣe àfikún. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó bá ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àfikún láti ilé tirẹ̀, ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn.

Ó tún fi máàkì ìdánwò ṣàpẹẹrẹ, ibi tí ìlà ìkùnà àti ìyege wà. Ẹ jẹ́ ká fi tiwa ṣe é. Ẹni tó gba 69 ní B, ẹni tó gba 70 ní A. A máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀run àti ayé ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó gba 60 àti ẹni tó gba 69 ńkọ́? B kan náà ni, à ń kí àwọn méjèèjì bákan náà. Ìlà tá a fà mú ká rí ìyàtọ̀ níbi tí kò ti sí, ó sì fi ìyàtọ̀ pa mọ́ níbi tó wà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí mo máa padà sórí rẹ̀.

Korobá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Sapolsky mú onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta jáde, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sínú korobá tirẹ̀. John Watson gbà pé ibi tí wọ́n bá ti tọ́ ọmọ dàgbà àti bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìkan ló ń sọ ohun tó máa dà. Egas Moniz, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, gbà pé iṣan inú ọpọlọ nìkan ni, ó dá iṣẹ́ abẹ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ń gé ibì kan nínú ọpọlọ alárùn ọpọlọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1949 lórí rẹ̀. Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa ẹranko gbe ìjọba Násì lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mímọ́. Òun náà gba Nobel, ní 1973. Àwọn ọlọ́gbọ́n ni gbogbo wọn. Korobá ló ṣi wọ́n lọ́nà, àwọn kan sì jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá to kọ́ọ̀sì náà. Apá kìíní mú ẹ̀ka ìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ìran ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà, jíìnì, ìhùwàsí ẹranko nínú igbó, ọpọlọ, hòmóònù. Apá kejì mú ìhùwàsí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìbálòpọ̀, ìbínú àti ìjà, èdè, àrùn ọpọlọ, ó sì ń bi gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyẹn léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tó fẹ́ràn ni ti adìẹ. Kí ló dé tí àgbébọ̀ fi sáré sọdá lọ bá àkùkọ? Onímọ̀ hòmóònù máa sọ̀rọ̀ hòmóònù. Ẹni tó mọ̀ nípa eegun àti iṣan máa ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e. Onímọ̀ ìyípadà ìran máa ní àwọn àgbébọ̀ tí kò dá àkùkọ lóhùn láyé àtijọ́ kò bímọ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ òótọ́, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ òótọ́ tán.

Bó ṣe to ẹ̀kọ́ yẹn dára. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Nílé-ìwé tiwa, kọ́ọ̀sì jíìnì wà lọ́tọ̀, ti hòmóònù wà lọ́tọ̀, ti ìhùwàsí ẹranko wà lọ́tọ̀. Ọdún mẹ́rin la fi kà wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé adìẹ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú mi ni ìgbà tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní baboon. Sapolsky kì í ṣe asọ̀tàn lásán. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ló ti ń lọ sí Kẹ́ńyà, tó ń jókòó ti agbo baboon nínú pápá, tó ń kọ ẹni tó bú ẹni àti ẹni tó yọ eégbọn lára ẹni sílẹ̀, tó ń fi ọfà olóògùn oorun mú wọn kó lè gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún hòmóònù wàhálà. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn akọ tó le jù nínú agbo kan máa ń lọ jà fún oúnjẹ níbi ààtàn ilé ìtura kan. Ẹran tó ní ikọ́ ife wà nínú ohun tí wọ́n dà síbẹ̀. Àwọn akọ tó ń lọ jà yẹn kú. Ó ku abo àtàwọn akọ tó jẹ́ jẹ́jẹ́. Agbo náà wá tutù. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí akọ tuntun ti rọ́pò gbogbo ti àtijọ́, agbo náà ṣì tutù, bíi pé àwọn tó ń wọlé ń kọ́ àṣà ilé. Ní 2004 ni òun àti Lisa Share tẹ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ PLoS Biology.

Ẹ wo ohun tó mú kí ó mọ èyí. Kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹnì kan ló gbọ́. Ó lọ jókòó lọ́dọọdún, oòrùn ń pa á, ó ń wò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tá à ń wo fídíò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìròyìn nìkan ló kàn wá. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi rántí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó kọ́ wa ní 300 level yẹn kan náà. Parasitology ló kọ́ wa, ìmọ̀ nípa aràn àti kòkòrò tó ń gbé inú ara èèyàn àti ẹranko. Màmá Ẹlẹ́yin là ń pè é lẹ́yìn, torí pé ẹyin aràn ló máa ń fi wá wò láti àárọ̀ dalẹ́. Kò fúnni ní handout. Kò dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni. Máíkírósíkóòpù mẹ́fà péré ló ń ṣiṣẹ́, àwa sì lé ní ọgọ́rin. Ó máa tò wá sórí ìlà, ó máa ní kí kálukú wò ó, kó sì yà á. Bó bá rí i pé o ya ohun tó wà nínú ìwé, ó máa fa ìlà sí i gbọrọ. "Ohun tó o rí ni kó o yà," ìyẹn lọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ṣáá. Nígbà míì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ máa bá wa nínú yàrá yẹn. Ebi ń pa wá, a ń bú u nínú.

Nígbà tí ìdánwò practical dé, wọ́n fi ẹyin aràn kan sábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ní ká dárúkọ rẹ̀. Mo wò ó fìrí. Mo rí ẹ̀gún, mo mọ̀ pé ẹbí aràn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ ni. Mo kọ Schistosoma haematobium, torí pé òun lèyí tá a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, òun náà sì ni mo há sórí. Mo yege lọ́kàn ara mi. Nígbà tí máàkì jáde, òdo ni mo gbà níbẹ̀.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tẹ́ ẹ kọ́ wa ni mo kọ."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀gún yẹn, ibo ló wà lára ẹyin náà?"

Mi ò lè dáhùn. Ti haematobium, orí ṣóńṣó ẹyin ni ẹ̀gún rẹ̀ máa ń wà. Ti mansoni, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń wà. Inú ìtọ̀ la ti ń rí ti àkọ́kọ́, inú ìgbẹ́ la ti ń rí ti èkejì. Bí oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bá pe ọ̀kan ní èkejì, ibi tí kò yẹ ni dókítà máa wá àìsàn lọ. Mo ti ka gbogbo èyí, mo lè kà á lórí fún yín nígbà yẹn. Mi ò kàn wo ohun tó wà níwájú mi ni. Ó ní kí n máa lọ. Kò fi máàkì kankan kún un.

Lópin sáà, wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa pé ká sọ bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kọ́ wa sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó le jù. Kò ṣàlàyé." Olùkọ́ míì wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, tó máa ń sọ ìtàn ìgbà tó wà lókè òkun. Mo fún un ní máàkì tó ga jù. Lónìí, ẹ bi mí ní ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ yẹn kọ́ mi. Àwàdà rẹ̀ méjì ni mo rántí. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá gbé ẹyin aràn wá báyìí, ibi tí ẹ̀gún rẹ̀ wà ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé ìyà ni ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ wà tó le tí kò sì sí nǹkan kan nínú líle wọn, tó jẹ́ pé àtiráwa mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Màmá Ẹlẹ́yin náà ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń jágbe, ẹni tó bá sì ti wà lẹ́yìn ìlà kì í sábà gbọ́ àlàyé. Ohun tí mò ń sọ ni pé "ó dùn" àti "ó le" tá a máa ń kọ nípa olùkọ́, korobá ni wọ́n. Ẹ rántí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ Sapolsky. A fa ìlà kan, a kó olùkọ́ sí apá ọ̀tún àti apá òsì, a sì gbàgbé láti béèrè ohun tó yí padà lára wa lẹ́yìn tá a kúrò ní kíláàsì.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 2019, Louis Deslauriers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ṣe ìwádìí kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ físíìsì. Wọ́n pín wọn sí méjì. Àwọn kan jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó dán mọ́rán látẹnu olùkọ́ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Àwọn yòókù jókòó ní ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n ń bá ìṣirò jìjàkadì fúnra wọn kí olùkọ́ tó dá sí i. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó jìjàkadì ló mọ̀ ọ́n jù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé wọ́n kọ́ nǹkan, àwọn tó jókòó gbọ́ lásán ló fọwọ́ sọ̀yà jù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó ṣe wọ́n bíi pé wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2014, Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ìwádìí 225 jọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tó jẹ́ pé olùkọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ń fìdí rẹmi jẹ́ nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 22.

Torí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo wa ì bá gba A, adùn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá ń ṣàn geere látẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó máa ń dà bíi pé àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu dùn ń rofọ́, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó sọ nípa jíìnì, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi tó wà ní SS2. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo ti há. Mo rántí ìtàn inú rẹ̀, mo rántí ibi tí àwọn èèyàn ti rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó so ìtàn kan mọ́ èkejì ti bọ́ sọnù.

Kí n má fi ẹ̀bi gbogbo rù ú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ní 2010 ní ẹni tí wọ́n lè bi léèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ràn án lọ́wọ́ wà ńbẹ̀, kódà àwọn ni wọ́n kọ́ni nígbà tí ẹ̀kọ́ dé orí ìpìlẹ̀ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò sì ń dúró dè wọ́n. Ìdajì kọ́ọ̀sì náà ló dé ọ̀dọ̀ wa, ìdajì tó dùn. Èyí tó kù wà ní California.

Ohun kejì tó ń dùn mí nípa fídíò wọ̀nyí rèé: wọn kì í dàgbà. Ní 2009, Sapolsky ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àárẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, òun náà wà lórí YouTube, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ohun tó sọ níbẹ̀ nípa bí àárẹ̀ náà ṣe jẹ́ àìsàn gidi bí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, tí kì í ṣe ọ̀lẹ, ó yẹ kí gbogbo òbí Yorùbá gbọ́ ọ. Àmọ́ ní apá ìparí, ó sọ̀rọ̀ tìdùnnútìdùnnú nípa jíìnì kan tí ìwádìí fi hàn nígbà yẹn pé, bí wàhálà ayé bá pọ̀ fún ẹni tó ní irú rẹ̀ kan, ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń tètè mú un. Ní 2019, Richard Border àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì méjìdínlógún bẹ́ẹ̀ wò, títí kan èyí, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ láti 62,138 títí dé 443,264, ó kù sórí irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè. Wọn ò rí ẹ̀rí pé àwọn jíìnì yẹn ṣe pàtàkì ju jíìnì èyíkéyìí tí wọ́n bá kàn ṣà lọ.

Sapolsky ò purọ́. Ohun tí ìmọ̀ ìgbà yẹn mọ̀ ló sọ. Àmọ́ olùkọ́ tó wà láàyè nínú kíláàsì máa dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á ní, "Ẹ fa ìlà sórí ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí." Fídíò ò lè fa ìlà sórí ara rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwa kan náà la máa ń fi àwọn olùkọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí wa, ni wọ́n ṣì ń kà fún wa. Fídíò 2010 tá à ń fi ránṣẹ́ síra wa bí ìhìn rere, ìwé tó ti pọ́n lòun náà. Ó kàn jẹ́ pé òyìnbó tó mọ̀tàn-án sọ ló ń kà á.

Ẹ̀kẹta ni pé àwàdà Sapolsky ní ilé. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ náà, ó ní kí ni nǹkan oṣù obìnrin, kókó inú ọpọlọ, ìpápánu aládùn àti oògùn tí àwọn eléré ìdárayá ń lò kí iṣan wọn lè tóbi fi jọra? Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ó ní gbogbo wọn ni agbẹjọ́rò ti lò nílé ẹjọ́ láti ṣàlàyé ìdí tí oníbàárà wọn fi pààyàn. Ọmọ Amẹ́ríkà tó gbọ́ ìpápánu máa rántí ẹjọ́ ẹni tó pa olórí ìlú San Francisco ní 1978. Àwa máa rẹ́rìn-ín torí pé àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀, ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ni. Àmọ́ ó yẹ kó mú wa béèrè ẹni tó ń fi àgbébọ̀ àdúgbò wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti odò tí àwọn ọmọdé ti ń kó aràn kọ́ wa ní ìmọ̀ yìí kan náà.

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ní 1970, Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, sáyẹ́ǹsì wà lára rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn rárá, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ètò yẹn ò dé yunifásítì. Ohun tó dé yunifásítì ni handout.

Ṣé kí ẹ má wo Sapolsky mọ́ ni? Ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́. Àmọ́ bí ẹ bá wò ó tán, ẹ pa fóònù, kí ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tó sọ láìwo ẹ̀yìn. Ibi tẹ́ ẹ bá há sí ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù olùkọ́ bá sì tún dé ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ tó kọ "ó dùn" tàbí "ó le," ẹ bi ara yín pé: kí ni mo lè ṣe báyìí tí mi ò lè ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ìdáhùn bá wà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ pín earpiece ti di olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní ilé-ìwé girama báyìí. A sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóṣù tó kọjá. Ó ní òun sọ ìtàn àgbébọ̀ àti àkùkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí kálukú lọ wo adìẹ ilé wọn tàbí ti aládùúgbò fún ọjọ́ méje, ìdajì wákàtí lójúmọ́, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí adìẹ bá ṣe sílẹ̀, kí wọ́n má kọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń rò.

Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe gbà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ní mo ti le jù."